Kádígàn àkọ́kọ́ mi: bátànì wo ló rọrùn jù fún ẹni tó mọ pléènì àti pọ́ọ̀lù nìkan?

Àbíkẹ́Alábẹ́rẹ́ kọ:

Ẹ̀yin àgbà ahunṣọ, mo kí i yín o. Mo ti hun síkáàfù mẹ́ta àti fìlà kan. (Fìlà yẹn ò wọ ẹnikẹ́ni lórí nínú ilé wa, ìyẹn dọjọ́ mìíràn.) Ó ti wá ń wù mí kí n hun kádígàn fún ara mi, èyí tó ṣí níwájú, tó ní bọ́tìnnì, tó sì fẹ̀ díẹ̀ lára. Pléènì (knit) àti pọ́ọ̀lù (purl), irú ojú méjì tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ híhun, ni mo mọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú (stitch) kún ojú, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ mi parí sí.

Bátànì kan tí mo rí, ojú ìwé mọ́kànlá ni. Mo ka dé ojú ìwé kejì, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi.

Òwú tó wà nílẹ̀ nípọn níwọ̀nba. Ohun tí wọ́n kọ sára bébà rẹ̀ ni pínnì (igi ìhunṣọ) 5 mílímítà, ojú 18 àti ìlà 24 nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Ìdì mẹ́fà ni mo ní, gíráàmù 100 ni ìdì kan, mítà 200 ló wà nínú rẹ̀. Àyà mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 96. Ṣé òwú yìí máa tó? Kí sì ni kí n hun?

ÌyáPínnì kọ:

Àbíkẹ́, káàbọ̀. Gbé bátànì olójú ìwé mọ́kànlá yẹn tì síbì kan ná.

Kádígàn tó rọrùn jù lọ kò ju ègé márùn-ún lọ: ẹ̀yìn kan, iwájú méjì, apá méjì. Ẹ̀yìn jẹ́ onígun mẹ́rin gbọọrọ. Iwájú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, ọrùn rẹ̀ nìkan lo máa dín kù. A ò ní gé ihò abíyá kankan. Nígbà tó o bá wọ̀ ọ́, etí èjìká á sọ̀ kalẹ̀ sórí apá, á sì dùn ún wò. Ẹni tó bá ti hun síkáàfù ti hun ẹ̀yìn kádígàn, kó kàn fẹ̀ ẹ́ sí i ni.

Mítà 1200 lo ní yẹn. Fún ìwọ̀n rẹ, pẹ̀lú òwú tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 1000 sí 1100 ló máa gbà. Ó tó.

Àmọ́ kó o tó kó ojú kankan sórí pínnì, hun ègé ìdánwò. Kó ojú 24, hun ún títí á fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 14 tàbí 15, fọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ, kó o wá gbé rúlà lé àárín rẹ̀, má dé etí. Ka ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Ka ìlà náà. Nọ́ńbà méjèèjì yẹn ni kó o mú wá fún mi. Mi ò fẹ́ ti ara bébà.

LátiỌrùnWálẹ̀ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò gbà.

Ègé márùn-ún? Ta ló máa rán an pọ̀? Ẹni tó ń hun aṣọ àkọ́kọ́ rẹ̀, ibi rírán ló ti máa ń jù ú sínú àpò, kò sì ní yọ ọ́ mọ́ láéláé. Mo ní ẹ̀yìn méjì àti iwájú kan nínú dúrọ́ọ̀ báyìí tí wọn ò tíì rí ara wọn láti bí ọdún mẹ́rin.

Àbíkẹ́, hun ún láti ọrùn wálẹ̀. Pínnì oníwáyà, ìyẹn pínnì méjì tí wáyà so pọ̀, lo máa lò. O kó ojú ọrùn, o fi òrùka àmì mẹ́rin pín in sí ẹ̀yìn, apá, iwájú, apá. Ní ìlà kan sí èkejì, o fi ojú kan kún ẹ̀gbẹ́ òrùka kọ̀ọ̀kan lọ́tùn-ún lósì, ojú mẹ́jọ lápapọ̀. Tó bá dé abíyá, o yọ ojú àwọn apá sórí okùn, o so ara pọ̀, o ń hun lọ sísàlẹ̀. Kò sí rírán. O sì lè máa wọ̀ ọ́ wò bó o ṣe ń lọ. Raglan ni wọ́n ń pe irú apá bẹ́ẹ̀.

ÌyáPínnì kọ:

@LátiỌrùnWálẹ̀, Bùrọ̀dá, mi ò bá ọ jà. Mo fẹ́ràn raglan. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ní kádígàn lòun fẹ́, ó fẹ́ kó ṣí níwájú, kò sì tíì lo pínnì oníwáyà rí. Nǹkan tuntun méjì lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ jù fún un. Bó bá ṣe súwẹ́tà àwọ̀bọrí ló béèrè ni, màá ní kó tẹ̀ lé ọ.

Mo_Tú_U_Tán kọ:

Mo kàn fẹ́ ti ọ̀rọ̀ ègé ìdánwò yẹn lẹ́yìn, torí mo ti jìyà rẹ̀.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gba ohun tí bébà sọ gbọ́: ojú 18. Mo fẹ́ kí ẹ̀yìn fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 56, mo ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ 101. Mo kó 101, mo hun, mo hun. Ọwọ́ mi rọ̀, ojú 16 péré ni mò ń hun nínú sẹ̀ǹtímítà 10, mi ò mọ̀. Ẹ̀yìn yẹn jáde ní sẹ̀ǹtímítà 63. Iwájú náà bẹ́ẹ̀. Aṣọ tó yẹ kó jẹ́ 112 yí ká di 126. Èmi àti àbúrò mi la jọ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, a sì ya fọ́tò.

Ojú méjì péré o. Ojú méjì nínú sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá.

Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí, ibẹ̀ ló ti wá.

Kíróṣè_Ni_Tèmi kọ:

Ṣé kò ní yá jù tó bá fi kíróṣè ṣe é? Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, ojú kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan.

Mo_Tú_U_Tán kọ:

@Kíróṣè_Ni_Tèmi ó lè yá, àmọ́ kíróṣè máa ń jẹ òwú ju híhun lọ, ìdì mẹ́fà ló ní. Aṣọ rẹ̀ á sì le díẹ̀ lára. Ẹ jẹ́ ká jẹ́ kó hun ohun tó wù ú.

Àbíkẹ́Alábẹ́rẹ́ kọ:

Mo ti dé o. Mo hun ègé ìdánwò, mo fọ̀ ọ́, mo dúró dè é lódindi ọjọ́ kan kó gbẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta torí mi ò gba ojú mi gbọ́.

Ojú 16. Ìlà 22.

Mo_Tú_U_Tán, ọwọ́ wa jọra. Ṣé kí n lọ wá pínnì 4.5?

ÌyáPínnì kọ:

O lè lọ wá a, 4.5 á mú ojú rẹ fún mọ́ra. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ ná: tó o bá gbé ègé yẹn sọ́wọ́, ṣé ó rọ̀, ṣé ó wù ọ́? Tí kò bá tú jù, tí ìka rẹ ò sì hàn láti òdì kejì, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìṣírò la máa yí, ọwọ́ rẹ kọ́ la máa yí. Ó tiẹ̀ dáa kí kádígàn rọ̀.

Àbíkẹ́Alábẹ́rẹ́ kọ:

Ó rọ̀, ó sì wù mí gan-an, mà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

ÌyáPínnì kọ:

Ó yá, mú bírò.

Àyà rẹ 96. O fẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀ lára, a ó fi 16 kún un, ó di 112. Ẹ̀yìn jẹ́ ìdajì rẹ̀, 56. Ojú 16 nínú 10 túmọ̀ sí 1.6 nínú sẹ̀ǹtímítà kan. 56 lọ́nà 1.6 jẹ́ 89.6. Kó ojú 90.

Iwájú: etí ibi tí bọ́tìnnì máa wà á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4. Yọ 4 kúrò nínú 56, ó ku 52, pín in sí méjì, 26 ni iwájú kọ̀ọ̀kan. Ojú 42.

Fi ríìbù bẹ̀rẹ̀ gbogbo ègé, pléènì kan pọ́ọ̀lù kan, fún sẹ̀ǹtímítà 6. Lẹ́yìn náà, pléènì lójú aṣọ, pọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀, títí gbogbo gígùn á fi jẹ́ 58. Tí gígùn ẹ̀yìn bá ti pé, pa ojú (dè é kó má bàa tú) 30 fún èjìká, 30 fún ọrùn, 30 fún èjìká kejì. Má fún òwú mọ́ra níbi ọrùn o.

Iwájú ni ọgbọ́n díẹ̀ wà. Ojú 42 lo ní, èjìká fẹ́ 30, nítorí náà 12 ló gbọ́dọ̀ lọ níbi ọrùn. Nígbà tó bá ku sẹ̀ǹtímítà 22 kó parí, ìyẹn ìlà 48, máa hun ojú méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ní ìlà mẹ́rin-mẹ́rin. Ìlà mẹ́rin lọ́nà méjìlá jẹ́ 48. Ọrùn á là bíi lẹ́tà V láìsí wàhálà. Iwájú kejì, ẹ̀gbẹ́ kejì ni kó o ti dín in kù. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti máa ń hun iwájú òsì méjì, nítorí náà so okùn aláwọ̀ mìíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọrùn kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Apá: rán èjìká pọ̀ ná. Fi okùn sàmì sí ibi tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sísàlẹ̀ èjìká, níwájú àti lẹ́yìn. Láàárín àmì méjèèjì, fi pínnì fa ojú tuntun jáde lára etí aṣọ, ojú mẹ́ta fún ìlà mẹ́rin. Nǹkan bíi 70 lo máa rí. Láti ibẹ̀ ni kó o ti hun apá lọ sí ọrùn ọwọ́, kó o máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí á fi ku 38, kó o fi ríìbù sẹ̀ǹtímítà 6 parí rẹ̀. Kò ní sí apá kankan láti rán mọ́ èjìká, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù.

Mo_Tú_U_Tán kọ:

Kó tó bẹ̀rẹ̀: Àbíkẹ́, wo nọ́ńbà aró lára bébà ìdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Yàtọ̀ sí nọ́ńbà àwọ̀, nọ́ńbà mìíràn wà níbẹ̀ tó ń sọ bóyá inú ìkòkò aró kan náà ni wọ́n ti jáde. Lọ́wọ́, wọ́n á jọra. Lára aṣọ, ìlà á fà gbọọrọ níbi tó o ti pààrọ̀ ìdì.

Àbíkẹ́Alábẹ́rẹ́ kọ:

Háà. Márùn-ún jọra. Ọ̀kan yàtọ̀!

Mo_Tú_U_Tán kọ:

Fi ọ̀kan yẹn pa mọ́ fún etí bọ́tìnnì. Ríìbù ni etí, híhun rẹ̀ ti yàtọ̀ tẹ́lẹ̀, ojú ò ní tètè rí i. Tó bá di dandan kó o lò ó lára aṣọ, máa hun ìlà méjì láti inú ìdì yìí, ìlà méjì láti inú ìyẹn, kí àwọ̀ méjèèjì lè pòpọ̀.

Adákẹ́Wòran kọ:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọjọ́ mẹ́ta, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìjà kádígàn àti raglan yìí ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni méjèèjì? Ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n. Earl of Cardigan ló ṣáájú àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin nígbà tí wọ́n kọlu ìbọn ńlá ní Balaclava lọ́dún 1854, nígbà Ogun Crimea. Lord Raglan ni ọ̀gá àgbà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun yẹn kan náà. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti lọ láti ogun Waterloo lọ́dún 1815, wọ́n sì ní torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe apá aṣọ tó lọ tààrà dé ọrùn, kó lè rọrùn fún un láti wọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì kàn ń bá ìjà wọn lọ ni.

LátiỌrùnWálẹ̀ kọ:

Raglan ni ọ̀gá àgbà. Mo ti gbọ́. Ẹ ṣé.

ÌyáPínnì kọ:

😂 Ẹ má dá a lóhùn.

Àbíkẹ́Alábẹ́rẹ́ kọ:

Mo ti hun ẹ̀yìn tán! Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Sẹ̀ǹtímítà 56 géérégé, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún nítorí ayọ̀.

Ìṣòro kan wà: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ká wọlé. Tí mo bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ọ̀tún ń ká, òsì ń ká, ó dà bí ewé tí oòrùn pa. Ìsàlẹ̀ ibi tí ríìbù wà nìkan ló dúró jẹ́ẹ́. Kí ni mo ṣe?

Kíróṣè_Ni_Tèmi kọ:

Gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e.

Mo_Tú_U_Tán kọ:

Rárá o! Dúró! Kí ni wọ́n fi ṣe òwú yẹn?

Àbíkẹ́Alábẹ́rẹ́ kọ:

Acrylic ni gbogbo rẹ̀.

Mo_Tú_U_Tán kọ:

Má gbé áyọ́ọ̀nù sún mọ́ ọn. Rọ́bà ni acrylic, ooru máa ń pa á. Á fẹ̀ pẹrẹsẹ, á máa dán, á rọ̀ jọ̀bọ̀, kò sì ní padà bọ̀ sípò mọ́ láé. Wúùlù gidi, ìyẹn irun àgùntàn, lè gba ooru omi láìfara kàn án. Acrylic ò gbà á bẹ́ẹ̀.

Kò sí ohun tó o ṣe, Àbíkẹ́. Gbogbo aṣọ tí a bá hun ní pléènì lójú pọ́ọ̀lù lẹ́yìn ló ń ká. Wo ojú rẹ̀ dáadáa: iwájú rí bíi V kéékèèké tó to léra, ẹ̀yìn rí bí òkìtì kéékèèké. Iwájú àti ẹ̀yìn ò fa òwú bákan náà, ni ẹ̀gbẹ́ ṣe ń yí sẹ́yìn, tí òkè àti ìsàlẹ̀ ń yí síwájú. Ríìbù kì í ká torí pé pléènì àti pọ́ọ̀lù pín ẹrù náà dọ́gba lójú kan náà. Aṣọ tí a hun ní pléènì níwájú àti lẹ́yìn náà kì í ká.

Tó o bá rán ẹ̀gbẹ́ pọ̀, kíká yẹn á parí. Etí iwájú ló kù, ríìbù ibi bọ́tìnnì ló máa mú un dúró.

ÌyáPínnì kọ:

Òótọ́ ló sọ. Kódà kíká yẹn ràn ọ́ lọ́wọ́, ó fi ibi tó o máa rán hàn ọ́. Máa bá iṣẹ́ lọ.

Àbíkẹ́Alábẹ́rẹ́ kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo tún padà wá pẹ̀lú ẹkún.

Iwájú méjèèjì dáa. (Mo hun òsì méjì. Mo tú ọ̀kan. Mo tún un hun. Ẹ má bi mí.) Mo rán èjìká, mo fa ojú 70 jáde fún apá, mo hun ún. Mo wọn apá mi láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ó jẹ́ 58. Mo hun apá aṣọ ní 58, sẹ̀ǹtímítà 52 pẹ̀lú ríìbù 6. Mò ń dín in kù ní ìlà méje-méje, ó bọ́ sí i géérégé.

Mo wọ̀ ọ́. Ọwọ́ mi sọnù. Ríìbù bo gbogbo ìka mi, ó sì tún ku. Mo dà bí ọmọdé tó wọ aṣọ bàbá rẹ̀.

ÌyáPínnì kọ:

Àbíkẹ́, ẹ̀bi mi ni. Mi ò sọ gígùn apá fún ọ, ó sì yẹ kí n sọ ọ́.

Wò ó: èjìká aṣọ rẹ kò parí sí èjìká rẹ. Ẹ̀yìn fẹ̀ ní 56, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 28. Aṣọ ti rin sẹ̀ǹtímítà 28 kúrò ní àárín ẹ̀yìn ọrùn kó tó kan apá, ó sì ti sọ̀ sórí apá rẹ gan-an. Bí wọ́n ṣe ń wọn irú kádígàn yìí nìyí: na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹnì kan fi téèpù wọ̀n ọ́ láti eegun ẹ̀yìn ọrùn dé ọrùn ọwọ́. Mélòó ni?

Àbíkẹ́Alábẹ́rẹ́ kọ:

72, mà.

ÌyáPínnì kọ:

72, yọ 28 kúrò. Apá aṣọ rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ 44. O fi 14 lé e.

Àbíkẹ́Alábẹ́rẹ́ kọ:

Ṣé kí n tú gbogbo rẹ̀? Tí mo bá ní kí n dín in kù láàárín 44, ìlà máàrún-máàrún ló máa jẹ́, kì í ṣe méje. Ìyẹn ni pé láti òkè pátápátá ni.

LátiỌrùnWálẹ̀ kọ:

Dúró, má tú gbogbo rẹ̀. Orí ọrùn ọwọ́ ni ìparí apá rẹ wà, àbí? Láti ìsàlẹ̀ lo ti lè máa tú u. Ìyá wa ti ń mú ọ hun láti òkè wálẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń wo wọ́n ni.

Tú ríìbù, kó o sì tú u padà dé ibi tí apá gùn ní 38. Ìlà 84 nìyẹn. Láàárín ìlà 84, o ti dín in kù lẹ́ẹ̀méjìlá, ojú 24 ti lọ, ojú 46 ló wà lórí pínnì. O fẹ́ 38. Mẹ́jọ ló yẹ kó lọ. Nínú ìlà kan ṣoṣo, hun ojú 4, hun 2 pọ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 7. Á ku ojú 4, hun 2, hun 2 pọ̀. Ka ojú rẹ. 38 ni. Bẹ̀rẹ̀ ríìbù.

Apá á wú díẹ̀ lókè ọrùn ọwọ́ kó tó fún. Àwọn kan ń san owó fún un.

ÌyáPínnì kọ:

Bùrọ̀dá, o ṣeun. Ìyẹn dáa ju ohun tí mo fẹ́ sọ lọ.

Àbíkẹ́, kó o tó fa pínnì yọ, mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ mìíràn sínú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, kó o fi í gba inú gbogbo ojú ìlà 84 kọjá. Tú u wá dé orí okùn yẹn, ibẹ̀ ló máa dúró, ojú kankan ò ní sá.

Àbíkẹ́Alábẹ́rẹ́ kọ:

Ó ṣiṣẹ́!!! Okùn yẹn gba ẹ̀mí mi là. Apá méjèèjì ti parí, ó sì wú díẹ̀ lókè ọrùn ọwọ́ bí Bùrọ̀dá ṣe sọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kó rí tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó ku bọ́tìnnì. Márùn-ún ni mo ní.

ÌyáPínnì kọ:

Rán ẹ̀gbẹ́ pọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé abíyá, kó o rán apá dé ọrùn ọwọ́, ní ìlà kan ṣoṣo.

Fún etí, pínnì tó fi ìwọ̀n kan kéré sí tìrẹ ló dáa, 4.5 tó o fẹ́ lọ wá lọ́jọ́sí. Oníwáyà gígùn ni kó jẹ́, torí ojú á pọ̀ jù fún igi. Kò ní yí po, lọ-bọ̀ lo máa fi hun, kò yàtọ̀ sí pínnì méjì. Fa ojú jáde láti ìsàlẹ̀ iwájú ọ̀tún, gba ọrùn kọjá, sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ iwájú òsì. Ìlà mẹ́rin, ojú mẹ́ta, bíi ti apá: 96 lọ́tùn-ún, 30 lẹ́yìn ọrùn, 96 lósì. Tí ojú bá pọ̀ jù, etí á máa jó bíi yẹ̀rì ọmọdé. Tó bá kéré jù, á fa iwájú sókè. Ríìbù ìlà 9, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 4.

Ihò bọ́tìnnì máa wà ní ìlà karùn-ún. Lára aṣọ obìnrin, ọ̀tún ẹni tó wọ̀ ọ́ ni ihò máa ń wà. Láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í là, ojú 59 ni. Ṣe ihò sí ojú 4, 17, 30, 43 àti 56. Ihò kan: yí òwú ká pínnì lẹ́ẹ̀kan, hun ojú méjì tó tẹ̀ lé e pọ̀. Ó tán. Iye ojú náà ò yí padà.

Àbíkẹ́Alábẹ́rẹ́ kọ:

Ó ti parí. Mo wọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo fi omi tútù fọ̀ ọ́, mo fi aṣọ ìnura fún omi rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mi ò fi kọ́. Etí iwájú ò ká mọ́. Ìdì tí aró rẹ̀ yàtọ̀ ni mo fi ṣe etí, ẹnikẹ́ni tí mo bá bi ní ibo ló yàtọ̀, apá ni wọ́n ń nà sí. Ọrùn òsì ga díẹ̀ ju ọ̀tún lọ tó o bá wò ó dáadáa. Ẹ má wò ó dáadáa.

Ìdì kan ó dín díẹ̀ ló ṣẹ́ kù.

Adákẹ́Wòran kọ:

Fọ́tò! Fọ́tò!

Mo_Tú_U_Tán kọ:

Ẹni tó hun òsì méjì tó sì tún padà sídìí iṣẹ́, mo ṣí fìlà fún un. Kí lo fẹ́ hun báyìí?

Àbíkẹ́Alábẹ́rẹ́ kọ:

Súwẹ́tà àwọ̀bọrí. Mo ti ra òwú mìíràn tó nípọn bákan náà. @LátiỌrùnWálẹ̀ ẹ jọ̀ọ́, ojú mélòó?

LátiỌrùnWálẹ̀ kọ:

Mo ti ń dúró dè ọ́ láti ọjọ́ kìíní.

Tó bá jẹ́ ojú 16 ìlà 22 náà ni: kó ojú 80, so ó pọ̀ kó máa yí po. Ríìbù díẹ̀ fún ọrùn. Pín in: 28 ẹ̀yìn, 12 apá, 28 iwájú, 12 apá. Fi ojú mẹ́jọ kún un ní ìlà kan sí èkejì, nígbà 24. Ẹ̀yìn á di 76, apá á di 60, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 22. Gbé àwọn apá sórí okùn, kó ojú 6 sí abẹ́ abíyá kọ̀ọ̀kan, ara á jẹ́ 164, bíi sẹ̀ǹtímítà 102. Láti ibẹ̀, máa yí po lọ, kó o sì máa wọ̀ ọ́ wò. Nígbà tó bá gùn tó bó o ṣe fẹ́, dúró.

Àbùkù rẹ̀ kan ni pé iwájú àti ẹ̀yìn ga bákan náà, ọrùn lè fún ọ lọ́nà ọ̀fun díẹ̀. Ẹ̀kọ́ aṣọ kejì nìyẹn.

Àbíkẹ́Alábẹ́rẹ́ kọ:

Mo ti kó 80 sórí pínnì báyìí!

ÌyáPínnì kọ:

Àbíkẹ́. Ègé ìdánwò ńkọ́?

Àbíkẹ́Alábẹ́rẹ́ kọ:

Ọwọ́ mi kan náà ni, mà. Pínnì 5 kan náà ni.

ÌyáPínnì kọ:

Òwú tuntun ni. Yíyí po lo sì máa hun ún, kò ní sí ìlà pọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tú díẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n bá ń hun pọ́ọ̀lù. Ojú rẹ lè máà jẹ́ 16 mọ́.

Àbíkẹ́Alábẹ́rẹ́ kọ:

…

Mo ti ń tú u.

Mo_Tú_U_Tán kọ:

Káàbọ̀ sẹ́gbẹ́ wa.